Orí Keje: Òrùka Tó Ń Gbọ́ “Ẹ”

Wọ́n ti gé etí ọ̀tún Ṣóyọyè bọ́lẹ̀ kó tó ráyè dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan.

“Àṣá!” ló fi igbe bọnu. “Ọmọ Àṣá ni mí o!”

Ó wọ gàù. Àwọn mẹ́rin tó dì í mú kì í ṣe ará Àṣá. Igbá dúdú tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn, èyí tí ọta ìbọn kì í wọ̀, ni èèyàn fi ń dá àwọn Olùpè Ìjàpá mọ̀ láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti dojú rẹ̀ bolẹ̀ kì í rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Èyí tó ga jù nínú wọn nu ọ̀bẹ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó rẹ́rìn-ín.

“Àánú rẹ ṣe mí,” ló wí. “Sọ ìdí mẹ́ta tí Ìjàpá fi dáa ju Àṣá lọ, kí o máa lọ sílé rẹ.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò kàwé rí. Sólà ni mo ń tún ṣe. Ẹ wo irinṣẹ́ mi nílẹ̀.”

“Ìdí kìíní?”

Ṣóyọyè gbé ọwọ́ lé ibi tí etí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. “Ìjàpá kì í kánjú. Ó ń dúró de èèyàn. Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń kà á bọ̀, wọn ò lé e dànù.”

“Ó dáa. Ìkejì?”

“Kì í… kì í gé ìka èèyàn.”

Àwọn mẹ́ta yòókù pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan tilẹ̀ sọ pé ọmọ náà gbọ́n.

“Ìkẹta?”

Ìkẹta ni kò rí. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ọkùnrin gíga náà ka ení, ó ka èjì, nígbà tó di ẹ̀ta, ó gún un lọ́bẹ níbi tí itan ti pàdé ikùn, ó sì yí ọ̀bẹ náà kó tó fà á yọ.

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ni Fadérera, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti rí gbogbo rẹ̀. Apá ara rẹ̀ ló gé jẹ kó má baà pariwo. Ọ̀sẹ̀ ìkànìyàn ni, ọ̀sẹ̀ tí ìlú Òkè Àpáta máa ń ya wèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún. Ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí wọ́n bá kà wọ́n tán ni yóò máa ṣòfin ìlú, nítorí náà àwọn Olùpè kì í fi ọ̀rọ̀ dídùn nìkan pe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Bí Fadérera bá jáde, wọ́n á pa òun náà mọ́ àbúrò rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kórìíra ara rẹ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Orí òrùlé ni àwọn Olùpè Àṣá ti já bọ́. Èékánná irin gígùn ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bà lé àwọn ará Ìjàpá lórí, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ bà, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́. Ọkùnrin gíga yẹn fẹ́ sá, wọ́n fi èékánná kọ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n dà á délẹ̀, ó ń ta ẹsẹ̀ sókè. Nígbà tí gbogbo ojú wà lára ìyẹn, Fadérera rá kòrò jáde, ó gbá àbúrò rẹ̀ mú lábẹ́ apá, ó wọ́ ọ gba orí ẹ̀jẹ̀ àti àfọ́kù ìgò wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó já gèlè orí rẹ̀, ó fi di itan náà. Ọgbẹ́ náà ga jù. Ọ̀já náà ń yọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ jáde lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fadérera wò ó, ó mọ̀ pé tí òun kò bá rí okùn tí wọ́n fi ń rán ọgbẹ́, irin ìfúnpọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tuntun láàárín ìdajì wákàtí, òkú lòun wọ́ wọlé.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn wà nínú àpótí ìwòsàn tó ga lára ògiri. Ọdún mẹ́jọ ni Fadérera ti ń nu eruku ara àpótí náà, kò sì ṣí i rí. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó bá gboyè nìkan ni àwọn duroo, àpótí kéékèèké tó ń fà jáde nínú rẹ̀, ń mọ̀. Ẹni tó bá fipá ṣí i, gbogbo ohun inú rẹ̀ á jóná kó tó fọwọ́ kàn án. Dókítà Kọ́mọlẹ́hìn ló máa ń ṣí i fún wọn, Dókítà Kọ́mọlẹ́hìn náà ló sì nà gbalaja lẹ́bàá ilẹ̀kùn yìí, tí wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí pẹ̀ẹ́ láti òwúrọ̀. Fadérera wọ́ òkú ọ̀gá rẹ̀ lọ síwájú àpótí, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e.

“Ọwọ́ tútù,” ni àpótí wí. “A ò gbà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” Ṣóyọyè pè é nílẹ̀. “Òùngbẹ ń gbẹ mí.”

“Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Dákẹ́. Mò ń bọ̀.”

Ojú méjì, ẹ̀rọ tó ń kọ́ni tó sì ń dánni wò, ló wà lórí tábìlì dókítà, ọ̀kan búráùn, èkejì pupa, nítorí òfin ní kí gbogbo ilé ìwòsàn ní ti ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì kí akẹ́kọ̀ọ́ lè yan èyí tó wù ú. Fadérera fọwọ́ kan ti búráùn.

“Fadérera Ṣówándé, o kú ìrìn,” ni Ojú Ìjàpá wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. “Ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlélógún ló kù ọ́. Kálukú ní ìrìn tirẹ̀. Wákàtí mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ lónìí, àbí o fẹ́ sinmi?”

“Mo mọ gbogbo wọn! Bi mí ní ìbéèrè tó gbẹ̀yìn báyìí!”

“A kì í bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí a kò tíì fi wákàtí rẹ̀ jókòó kọ́ ọ. Má kánjú. Ìjàpá kì í lé ẹnikẹ́ni dànù.”

Fadérera fẹ́ fi òkúta fọ́ ọ. Òótọ́ ni, wọn kì í léni dànù, wọ́n kàn máa ń dá èèyàn padà sẹ́yìn ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá òun padà. Ẹ̀ẹ̀kíní, ó wà lẹ́nu ìdánwò, ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn wọlé, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ pé “Ẹ káàbọ̀, mà” kó tó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, bàbá àgbà kan húkọ́ lójú fèrèsé, Fadérera sì ní “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.” Ọdún kan ló fi ṣòfò nígbà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ṣe Ojú wọ̀nyí mọ ará ilẹ̀ yìí dáadáa. Ariwo ìta kò kàn wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kò kàn wọ́n. Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n ti rí i pé ọmọ Yorùbá tó gbé olùkọ́ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó lè máa sọ ìdáhùn fún òun lè pa gbogbo àṣírí mọ́, àmọ́ kò lè bá àgbà sọ̀rọ̀ kó má fi “ẹ” sí i. Ẹni tó nìkan wà kò ní ẹni tí yóò sọ “ẹ” fún. Bí Ojú bá ti gbọ́ “ẹ” àpọ́nlé, ó parí.

Lọ́dọ̀ Ìjàpá, ọdún kan ni ẹ̀san rẹ̀. Lọ́dọ̀ Àṣá, àtàǹpàkò ni.

Kọ́mọlẹ́hìn fúnra rẹ̀ kò ní àtàǹpàkò ọ̀tún. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn náà, wọ́n sì máa ń fi rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, wọ́n kéde oyè rẹ̀, iná Ojú kò tíì kú, ni bàbá bá fò sókè, ó ké pé “Ẹ bá mi yọ̀!” Ìka rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá a yọ̀.

Fadérera wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tó mọ́ abẹ́rẹ́ ni. Àwọn aláìsàn máa ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dunni. Bí òun bá lọ sọ́dọ̀ Àṣá, tí òun ṣìsọ, òun pàdánù Ṣóyọyè, òun pàdánù ọwọ́. Bí òun bá dúró tì Ìjàpá, òun á gboyè lọ́jọ́ kan, òun á sì lo oyè náà fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ ti dé abẹ́ tábìlì. Ó gbá Ojú pupa.

“Ibi tí o ti kọ́ ọ kò kàn mí,” ni Ojú Àṣá wí. “Ogójì ìbéèrè. O lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún dáhùn wọn, o lè fi ọdún márùn-ún. Tí o bá wọlé, ọdún mọ́kànlá rẹ lọ́dọ̀ Ìjàpá di òfo. Ọwọ́ lórí tábìlì. Ojú lójú mi. Àtàǹpàkò sínú òrùka.”

Ó ti àtàǹpàkò ọ̀tún bọ inú òrùka irin tó wà nísàlẹ̀ Ojú náà. Ó tutù, ó sì fún mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

“Ó yá,” ló wí. “Yára.”

Wọ́n yára. Èéfín ń jáde láti òde, ẹnìkan ń ké pe ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n bi í nípa ibà, ó dáhùn. Wọ́n bi í nípa oró ejò àti egungun tó ṣẹ́, ó dáhùn kí ìbéèrè tó délẹ̀. Ara ẹnìkan kan ilẹ̀kùn gbàà, ó sì yọ́ lulẹ̀. Fadérera kò wo ibẹ̀. Ó dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó dé ogún. Ṣóyọyè ń pè é, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi,” lẹ́yìn náà kò pè é mọ́, ìyẹn sì dun ún ju ìpè lọ.

Ìbéèrè kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló wà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fi ṣí. Kò yíjú, ṣùgbọ́n ó mọ ẹsẹ̀ náà. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń tẹ̀ lábẹ́ tábìlì láti kúnlẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tó ti lè rìn. Ó fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀, ó dá wọn dúró.

“Wọ́n ní wọ́n ń pa ọmọ mi!” ni ìyá rẹ̀ ń wí bọ̀, èémí rẹ̀ ń já. “Fadérera! Ṣóyọyè dà?” Lẹ́yìn náà ló rí i nílẹ̀. “Yéè! Yéè, mo gbé! Fadérera, àbúrò rẹ ń kú lọ nílẹ̀, o jókòó, ò ń kàwé?”

“Ìbéèrè tó kàn: ọ̀já tí a fi di itan ti yọ̀,” ni Ojú wí. “Kí ni ẹni tó wà nítòsí yóò ṣe?”

“Kúnlẹ̀ tì í!” Fadérera kígbe. “Di ìkúùkù! Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́, má gbé e!”

“Ó tọ̀nà.”

Ìyá rẹ̀ kò mira. Ó káwọ́ lórí, ó ń sunkún. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ wo ní Òkè Àpáta ló ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kúnlẹ̀? Ẹ̀rọ ni ọmọ náà ń bá wí, ẹ̀rọ burúkú tó fi ń pa àbúrò rẹ̀. Ó sáré wá, ó gbá Fadérera létí. Iná jáde lójú Fadérera, omi tẹ̀lé e. Kò gbé ojú kúrò.

“O ò kí mi! O ò tilẹ̀ wo ojú mi! Ṣé èmi ni mo bí ọ?”

“Kúnlẹ̀!” Fadérera tún wí. Ohùn rẹ̀ ti fọ́. “Di ìkúùkù!”

“O ti dáhùn ìyẹn,” ni Ojú wí. “Ọkàn ẹni tó gbọgbẹ́ ń lọ. Kí ni wàá sọ létí rẹ̀ kó má baà sùn?”

“Ẹ” kan ṣoṣo, ìyá rẹ̀ á gbọ́. Ó wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbóná. Bí ó bá tu ú jáde, ìka lọ, oyè lọ, àpótí kò ní ṣí láéláé. Bí kò bá tu ú jáde, Ṣóyọyè á ṣẹ̀jẹ̀ tán kí ó tó dé ogójì.

Nígbà náà ló rántí orúkọ tí wọ́n sọ ìyá rẹ̀. Àbíkú ni ìyá náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú mọ́ àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó fi orúkọ bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin òbí wọ̀nyẹn, kò sí ẹ̀dá tó tún pe orúkọ náà. Ìyá Fadérera ni gbogbo ayé ń pè é, ọkọ rẹ̀ pàápàá pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Fadérera fúnra rẹ̀ kò fi ẹnu pe orúkọ náà rí. Ó mí kanlẹ̀.

“Dúrójayé,” ló wí.



“Dúró jayé,” ni Ojú tún un sọ, ó pín in sí méjì, ó gbé e yẹ̀ wò. “Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ fún ẹni tó ń kú lọ. Ó tọ̀nà.”

Ìyá náà dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ẹnu rẹ̀ là. Ó wo ọmọ rẹ̀ tí kò gbójú. Ó wo omijé tó ń ṣàn níbi tí òun ti gbá a. Ó wo ọwọ́ tó nà lórí tábìlì, ó wá rí òrùka. Òun náà mọ ìtàn Kọ́mọlẹ́hìn. Òun náà ti fi rẹ́rìn-ín rí.

“Ẹni náà ń tutù. Kí ni ó kàn?”

“Dúrójayé, kúnlẹ̀,” Fadérera wí, omijé ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. “Di ìkúùkù. Fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.”

Ìyá náà kúnlẹ̀. Fadérera gbọ́ bí orúnkún ọdún méjìdínláàádọ́rin ṣe kan òkúta, ó sì gbọ́ igbe Ṣóyọyè nígbà tí ìkúùkù wọ ojú ọgbẹ́. Igbe náà dùn mọ́ ọn nínú. Òkú kì í ké.

Láti ibẹ̀, ẹnu ọmọ di ọwọ́ ìyá. Fadérera ní gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, ìyá gbé ẹsẹ̀ náà lé èjìká. Ó ní da aṣọ bò ó, ìyá bọ́ ìró ara rẹ̀. Fèrèsé fọ́, Olùpè kan ki apá bọ inú ilé, ó ń wá ohun tí yóò dì mú. Èékánná irin fà á sẹ́yìn láti òde, àwo gíláàsì tó kù lára férémù sì gé apá náà dé egungun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí Fadérera lójú. Ó dáhùn ìkẹrìndínlógójì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àjèjì ní ìpéǹpéjú. Ó dáhùn ìkejìdínlógójì. Ó dáhùn ogójì.

“Oyè di tìrẹ, Fadérera Ṣówándé,” ni Ojú wí. “Oyè tí Àṣá bá fúnni, Àṣá kì í gbà á padà. Jókòó títí iná yóò fi kú.”

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gun Fadérera lọ́rùn. Ó tán. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọkàn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wálẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ sì yà wo ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin àgbàlagbà náà wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀, ẹ̀wù abẹ́ nìkan ló wà lára rẹ̀, ó ń wo òun lókè bí ọmọdé tó ń retí kí wọ́n yìn ín.

“Ṣé ó ti tán?” ni ìyá bèèrè. Ó gbé ìkúùkù kúrò láti dìde.

“Ẹ má gbé e, mà!”

Ilé ni ẹnu rẹ̀ padà sí. Iná pupa náà ṣì ń tàn.

Òrùka pa dé. Kò ṣe ju kí èèyàn já ìlasa lára igi lọ. Fadérera rí àtàǹpàkò rẹ̀ tó yí lọ létí tábìlì, tó jábọ́ lẹ́bàá ọwọ́ Kọ́mọlẹ́hìn, kó tó wá mọ̀ pé òun ló ń ké. Iná kú.

Ó dìde. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló gbé lé àpótí ìwòsàn, duroo mẹ́jọ sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú okùn, irin, ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀rá, abẹ́rẹ́ tó ń dán. Ó fi aṣọ we ọwọ́ rẹ̀, ó fi eyín so ó. Ó gbé ẹ̀jẹ̀ kọ́ fún Ṣóyọyè, ó fi irin fún ìṣàn tó ń tú. Lẹ́yìn náà ló mú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ sì jábọ́. Ó tún mú un, ó tún jábọ́. Ọwọ́ òsì kò mọ iṣẹ́ yẹn, ìka mẹ́rin kò sì lè di abẹ́rẹ́ mú. Ó jókòó sórí ẹ̀jẹ̀, ó ń wò ó, ó bú sẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ ṣa abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀. Ó na àtàǹpàkò tirẹ̀, tó ti gan, tó ti pọn, ó fi ti ìka ìfábẹ̀lá ọmọ rẹ̀. Àárín méjèèjì ni abẹ́rẹ́ wá dúró sí.

“Kí lo pè mí lẹ́ẹ̀kan?”

“Ẹ forí jì mí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láé.”

“Ọwọ́ mi ń gbọ̀n,” ni ìyá wí. “Tún pè mí bẹ́ẹ̀.”

Fadérera darí abẹ́rẹ́ sí ojú ọgbẹ́. “Dúrójayé,” ló wí, wọ́n sì jọ ti abẹ́rẹ́ náà wọlé. Ṣóyọyè ló dáhùn ìpè náà láti ilẹ̀.